Èjìká àti Okùn Tí Kò Wúwo

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn, n kò gbọ́ tiyín dáadáa. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ ṣeun. Ẹ mí sínú. Ẹ mí síta. Ó ti tó. Ẹ rántí èémí tí ẹ mí yẹn, a ó padà wá bá a. Ààlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó gba ihò imú wọlé, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀fun, ó yà sápá ọ̀tún, ó sì lọ bà lé Èjìká, ọ̀gá àwọn alábàárù Ìlú Ara.

Ní ayé àtijọ́, kí ara ènìyàn tó di ara kan ṣoṣo, ìlú ni. Orí ni ọba ìlú náà. Ẹsẹ̀ ló ń gbé ìlú náà rìn kiri. Imú ni ẹnubodè. Èjìká sì ni ọ̀gá alábàárù. Igi ìdáná, òun ló ń gbé e. Ìkòkò omi, òun ló ń gbé e. Ọmọ tó sùn lọ lọ́nà oko, òun ló ń gbé e. Apá, àbúrò rẹ̀, kì í fi í sílẹ̀. Èjìká ló ń pàṣẹ, Apá ló ń fọwọ́ kàn án.

Èjìká mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń bá a jiyàn. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé òun náà mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ará ìlú pé jọ sí gbàgede Àyà. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ṣe ìpàdé níbẹ̀. Àṣà wọn ni pé kí oníkálukú dìde, kí ó sọ iṣẹ́ tí ó ṣe. Nígbà tó kan Èjìká, ó dìde, ó gbọn eruku nù lára, ó ní:

"Gbogbo okùn tó wà nílùú yìí, èmi Èjìká mọ ẹrù tó ń gbé. Ẹ mú èyí tó bá wù yín wá. Kí Apá fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e wò lẹ́ẹ̀kan péré. Bí n kò bá mọ ohun tó wà ní ìdí rẹ̀, kí ẹ máa fi mí ṣe àpótí ìjókòó."

Àwọn ará ìlú pàtẹ́wọ́. Èjìká jẹ́ kí wọ́n pa á tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ni ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Àwọn wo ni kò tíì sọ tiwọn?"

Etí ló dáhùn. Etí ni aládùúgbò Èjìká, òkè ilé rẹ̀ gan-an ló ń gbé. Kò sí ohun tí Etí kò gbọ́, kò sì sí ohun tó gbọ́ tí kì í sọ.

"Àwọn ìyá mẹ́ta ti Òkè Ọrùn ni, Bàbá Alábàárù. Wọn ò wá ní ìpàdé ìjọsí. Wọn ò wá ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e. Wọn ò sì wá lónìí."

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí àwọn ìyá yìí jẹ́. Yàrá méje tí wọ́n fi egungun kọ́ ló wà ní Òkè Ọrùn, ọ̀kan lábẹ́ ìkejì. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò mẹ́ta ló ń gbé ibẹ̀. Ìyá Kẹta wà ní yàrá kẹta. Ìyá Kẹrin wà ní yàrá kẹrin. Ìyá Karùn-ún wà ní yàrá karùn-ún. Oníkálukú wọn ní okùn tín-ín-rín kan tó gba ojú fèrèsé rẹ̀ jáde. Bí okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jáde síta, wọ́n á lọ́ mọ́ra, wọ́n á di ẹyọ kan. Okùn yẹn á gba ẹ̀gbẹ́ ilé Ọkàn kọjá, á sì wọ inú òkùnkùn lọ nísàlẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì tọ̀ ọ́ débẹ̀ rí.

"Ṣé o máa ń gbọ́ wọn?" Èjìká béèrè nígbà tí òun àti Etí ń padà sílé.

"Há! Mo ń gbọ́ wọn o. Pìn, pìn, pìn. Wọ́n á dákẹ́. Pìn, pìn, pìn. Wọ́n á tún dákẹ́. Kódà bí Kábíyèsí bá ń sùn, wọn kì í ṣíwọ́."

Èjìká dúró lójijì.

"Wọ́n ń dákẹ́, àbí kí lo wí?"

"Wọ́n ń dákẹ́."

"Etí, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kì í dákẹ́. Olè ló ń kan nǹkan, tí yóò dákẹ́, tí yóò máa wò ó bóyá ẹnìkan gbọ́."

Etí ronú sí i. "Kí wá ni wọ́n ń jí?"

"Afẹ́fẹ́. Ṣé o kò rí i bó ṣe ń gba ọ̀dọ̀ Imú wọlé ni? Wọ̀ọ̀, wọ̀ọ̀, lójoojúmọ́."

"Ó ń padà jáde ṣá."

"Ṣé iye tó wọlé ló ń jáde? Ta ló wọ̀n ọ́n?"

"Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n."

"Ó ti yé ọ báyìí," Èjìká wí, ó sì wọ ilé rẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní, Èjìká gun Òkè Ọrùn. Ó bá Ìyá Kẹta nínú yàrá rẹ̀. Ìka ìyá náà wà lórí okùn. Kò gbójú sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

"Èjìká ọmọ mi, o kú ìrìn."

Kí Èjìká tó lè jókòó, ohùn kan ti òkè wá. Ohùn Ìpàkọ́ ni, bàbá arúgbó tó ń gbé ẹ̀yìn ààfin Orí. Bí Orí bá sùn, Ìpàkọ́ kì í sùn. Orin ló ń kọ. Èmi ni n ó máa lé e, ẹ̀yin ni ẹ ó máa gbè é. Ẹ ó máa wí pé "Jẹ̀lẹ́ńkẹ́."

Ìpàkọ́ ń pè yín o.
*Jẹ̀lẹ́ńkẹ́.*
Ẹ fi ìka ta okùn.
*Jẹ̀lẹ́ńkẹ́.*
Kí Ẹwìrì sọ̀ kalẹ̀.
*Jẹ̀lẹ́ńkẹ́.*
Kí afẹ́fẹ́ wọlé wá.
*Jẹ̀lẹ́ńkẹ́.*
Ó tó, ẹ jẹ́ ó máa lọ.
*Jẹ̀lẹ́ńkẹ́, ẹ̀mí jẹ̀lẹ́ńkẹ́.*

Bí Ìpàkọ́ ti ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Kẹta ń fi ìka ta okùn. Pìn, pìn, pìn. Nígbà tí ó ní "ó tó," ìyá náà dáwọ́ dúró.

"Mà, ta ni Ẹwìrì?" Èjìká béèrè.

"Wọ́n ní awọ pẹlẹbẹ kan ni. Ó tẹ́ sí abẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. A ta okùn, ó gbọ́, ó fa ara rẹ̀ sísàlẹ̀. Bó bá lọ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọlé."

"Wọ́n ní. Ṣé ẹ̀yin fúnra yín ti rí i rí?"

"Rárá o. Iṣẹ́ wa ò jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ ò rí i rí," Èjìká tún un wí, ó sì ń mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ó dáa, mà. Ẹ kú iṣẹ́."

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ bá Ìyá Kẹrin. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ìyá náà ta okùn, ó dákẹ́. Ó ta okùn, ó dákẹ́.

"Mà, mo rí i pé ẹ dákẹ́ nísinsìnyí."

"Mo dákẹ́."

"Kí ni ẹ wá ń ṣe bí ẹ bá dákẹ́?"

"Mo ń dákẹ́ ni. Bí n kò bá dákẹ́, Ẹwìrì kò ní dẹ ara. Bí kò bá dẹ ara, afẹ́fẹ́ kò ní jáde."

"Iṣẹ́ yín wá ni kí ẹ dákẹ́."

"Ìdajì rẹ̀ ni."

Èjìká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi, bí ẹni tí wọ́n ti bá kó ẹ̀rí lé lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, ó lọ bá Ìyá Karùn-ún. Ìyá yẹn kò dà bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti rí Èjìká kó tó wọlé.

"Ìwọ yìí. O wá bá Kẹta, o wá bá Kẹrin, o tún ti dé. Kí lo sọ nù síbí?"

"Ẹ má bínú, mà. Mo kàn ní kí n wá kí yín ni."

"A ti gba ìkíni. Wò ó, má fọwọ́ kan okùn yẹn. Ṣé o rí okùn kejì tó ń gba ojú fèrèsé mi jáde? Ọ̀dọ̀ tìẹ ló ń lọ. Òun ni mo fi ń sọ fún ọ pé ó yá, gbé ẹrù."

Èjìká bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, èmi ni mò ń gbé ẹrù mi fúnra mi. N kò rí okùn kankan lára mi rí."

"Mo mọ̀ pé o kò rí i."

Ẹ̀rín Èjìká gbẹ. Bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní Òkè Ọrùn, ó ń fọwọ́ tọ́ ara rẹ̀ wò, ó ń wá okùn. "Wọ́n ti so èmi náà," ó ń sọ fún Apá. "O gbọ́? Èmi náà!"

Àwọn alábàárù ní òfin kan. Okùn tó bá gbé ẹrù máa ń le. Okùn tí kò gbé nǹkan máa ń dẹ̀. Okùn tó bá dẹ̀ ló ń gbé alábàárù ṣubú lójú ọ̀nà. Nítorí náà, alábàárù tó bá rí i gbọ́dọ̀ ta á ní kókó, kí ó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Òfin tó dára ni. Kò sí ẹni tó kú nítorí rẹ̀ rí títí di ọjọ́ yẹn.

Èjìká dé ibi tí okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ́ mọ́ra. Ó wo ẹ̀yìn. Ó wo iwájú.

"Apá, gbé e wò."

Apá fi àtẹ́lẹwọ́ sí abẹ́ okùn náà. "Ẹ̀gbọ́n, kò wúwo."

"Tún un gbé wò."

"Kò wúwo. Bí irun ló rí."

"Lẹ́ẹ̀kẹta."

"Kò wúwo rárá. Ó kàn ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ ṣáá ni."

"Ìgbọ̀n kì í ṣe ẹrù," Èjìká wí. "Mo ti mọ̀. Okùn ẹ̀tàn ni. Wọ́n nà án síta kí á lè rò pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ta á ní kókó."

Ó ń sọ ọ́ fún Apá lẹ́sẹẹsẹ, Apá sì ń ṣe é. Wọ́n so okùn náà mọ́ egungun ìhà àkọ́kọ́, wọ́n fún un pinpin. Kókó àwọn ọ̀gá alábàárù ni. Èjìká nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni, torí ohun tó fi jẹ́ ọ̀gá nìyẹn.

"Ní ìpàdé tó ń bọ̀," ó wí, "a ó gbọ́ àwíjàre wọn."

Ó gbé ìkòkò omi rẹ̀, ó mú ọ̀nà ilé pọ̀n.

Kò tíì rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ìpàkọ́ pe orin lókè. Àwọn ìyá ta okùn. Pìn. Ìró náà sáré lọ títí, ó dé ibi kókó, ó dúró. Nísàlẹ̀, Ẹwìrì nà gbalaja, ó ń retí. Ọ̀lẹ kọ́ ni. Kì í kàn ṣe ohun tí wọn kò bá rán an ni. Kò gbọ́ nǹkan kan, nítorí náà kò ṣe nǹkan kan.

Ìpàkọ́ pè é lẹ́ẹ̀kejì. Pìn, pìn! Ìró dé ibi kókó, ó dúró.

Ìpàkọ́ pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ há. Pìn, pìn, pìn! Ìró dé ibi kókó, ó dúró.

Afẹ́fẹ́ wà lẹ́nu imú, ó dúró bí àlejò tí wọn kò ṣílẹ̀kùn fún. Ojú Ìlú Ara ń ṣókùnkùn. Ètè ń dúdú. Ọkàn ń sáré kiri inú ilé rẹ̀, kì, kì, kì, ó ń wá ohun tó sọnù. Ahọ́n fẹ́ pariwo, kò rí afẹ́fẹ́ tí yóò fi pa á.

Ìgbà náà ni Èjìká gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Okùn kan tí kò mọ̀ pé ó wà lára òun ni ohùn Ìpàkọ́ gbà wọlé.

"Èjìká! Gbé e sókè!"

"Gbé kí ni?"

"Gbé Àyà!"

Èjìká sọ ìkòkò omi sílẹ̀, ó fọ́ yángá. Ó ki abẹ́ Àyà, ó gbé e sókè. Gbogbo egungun ìhà tẹ̀ lé e. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ yọ́ wọlé bí omi tó ń gba ojú ibi tí ìkòkò ti sán. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ jáde.

"Gbé e!"

Ó tún un gbé. Ní àkọ́kọ́, inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn díẹ̀. Ó rò ó lọ́kàn pé, ẹ wò ó, èmi náà ni wọ́n tún pè. Nígbà tó di ogún, ó ti ń làágùn. Nígbà tó di ogójì, iṣan ọrùn rẹ̀ ti le bí okùn tí òjò pa. Nígbà tó di ọgọ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀.

"Ìpàkọ́, níbo ni a ó sọ ẹrù yìí sí?"

"Kò síbi kankan."

"Títí di ìgbà wo?"

"Gbé e!"

Gbogbo ẹrù tí Èjìká ti gbé rí ló ní ibi tí wọ́n ń sọ̀ ọ́ sí. Igi ní ìdí àdògán. Omi ní ìdí àmù. Ọmọ tó sùn ní orí ẹní. Èyí kò ní ibìkan. Àwọn ìyá arúgbó mẹ́ta ló sì ń fi ìka kan kan rán an níṣẹ́, ọ̀sán àti òru, láìwá sí ìpàdé.

Ó rántí okùn. Òun nìyẹn lọ́hùn-ún, kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Bó bá fi Àyà sílẹ̀ lọ tú u, Àyà á wó, ìlú á kú. Bí kò bá lọ, yóò rẹ̀ ẹ́ láìpẹ́, Àyà á wó, ìlú á kú. Apá lè na ọwọ́ débẹ̀, ṣùgbọ́n Apá kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú kókó náà, àfi bí Èjìká bá sọ ọ́ fún un síta.

Etí tẹ̀ ba létí ilé rẹ̀. "Bàbá Alábàárù," ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "n kò gbọ́ kí okùn ró nísàlẹ̀ mọ́. Kí ló ṣe okùn àwọn ìyá?"

Èjìká lè dákẹ́. Ìlú á kú, òun náà á kú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò mọ ẹni tó fà á. Ó rò ó. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín, ó rò ó fún odindi èémí méjì.

Ní báyìí, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ti dín kù, kò ju èyí tó lè gbé ọ̀rọ̀ kan jáde lọ. Ó gbé Àyà sókè.

"Èmi."

Ó tún un gbé.

"So."

Ó tún un gbé.

"Ó."

Etí kò sọ nǹkan kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀.

"Apá," Èjìká wí, ó sì gbé Àyà. "Òsì." Ó gbé e. "Òkè." Ó gbé e. "Tú."

Ìka Apá ń yọ̀. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, kókó le. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, kókó mì. Ó fà á lẹ́ẹ̀kẹta, kókó tú, okùn bọ́ sílẹ̀ láìwúwo, bó ti wà tẹ́lẹ̀.

Pìn.

Ẹwìrì gbọ́. Ó fa ara rẹ̀ sísàlẹ̀, ó lọ jìnnà, afẹ́fẹ́ sì ya wọlé gbuu, kò tún béèrè ọ̀nà. Ẹ bá mi gbè é:

Ìpàkọ́ ń pè yín o.
*Jẹ̀lẹ́ńkẹ́.*
Ẹwìrì ti sọ̀ kalẹ̀.
*Jẹ̀lẹ́ńkẹ́.*
Èjìká, sọ̀ ọ́, ó tó.
*Jẹ̀lẹ́ńkẹ́, ẹ̀mí jẹ̀lẹ́ńkẹ́.*

Lọ́jọ́ kejì, Èjìká gun Òkè Ọrùn láìmú nǹkan kan dání. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Èjìká ọmọ mi, o kú ìrìn," Ìyá Kẹta wí. Kò gbójú sókè.

Ìyá Kẹrin wà nínú ìdajì iṣẹ́ tó jẹ́ dídákẹ́.

Ìyá Karùn-ún ló sọ̀rọ̀. "Bàbá Ìpàkọ́ ní kí n sọ fún ọ. Bí ìlú bá ń sáré, tàbí tó ń gun òkè, tàbí tí àìsàn dí i lọ́fun, tí Ẹwìrì nìkan kò tó, ìwọ ni òun ó máa pè."

"Kí wọ́n máa pè mí, mà."

"Ó ku ọ̀kan. Kókó rẹ pa Ẹwìrì lára. Bí nǹkan bá ń dùn ún nísàlẹ̀, okùn yìí náà ni yóò fi ránṣẹ́ sókè. Yàrá wa níbí ni yóò dé. Yàrá yìí kan náà ni tìrẹ ń dé. Àwa ti dàgbà, a ò ráyè máa ṣa igbe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Orúkọ rẹ ni a ó máa fi ránṣẹ́ sí Kábíyèsí."

Èjìká béèrè pé, "Títí di ìgbà wo, mà?"

Ìyá Karùn-ún ta okùn, ó dákẹ́, ó tún un ta. "O tún ń béèrè."

Èjìká dìde díẹ̀díẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ṣé ẹ máa sọ ọ́ ní ìpàdé?"

"Àwa kì í wá sí ìpàdé," ìyá náà dá a lóhùn.

Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé pé, wọ́n ní kí Èjìká sọ iṣẹ́ tó ṣe. Ó ní, "Mo gbé igi. Mo gbé omi." Ó jókòó. Àwọn ará ìlú ṣì ń retí ìyókù. Kò sí ìyókù. Ẹnìkan ní àwọn ìyá Òkè Ọrùn kò tún wá, kí ni wọ́n tilẹ̀ ń ṣe lọ́hùn-ún gan-an? Gbogbo ojú yí sí Èjìká. Etí ń wo ilẹ̀.

"Wọ́n ń ṣiṣẹ́," Èjìká wí, Apá òdìkejì sì ń ra á lára díẹ̀díẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá sáré títí, èjìká rẹ̀ á máa lọ sókè, á máa lọ sílẹ̀, láìṣe pé ó gbé ẹrù. Ìdí nìyẹn tí nǹkan fi máa ń dun ẹlòmíràn lábẹ́ ìhà, tí yóò sì jẹ́ pé èjìká ni yóò dì mú. Ìyá rẹ̀ á bi í pé, "Kí lo gbé lánàá?" Á ní òun kò gbé nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ kò ní gbà á gbọ́. Èjìká mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kì í sọ.

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé kí á má fi àtẹ́lẹwọ́ wọn iṣẹ́ ẹlòmíràn. Kí á tó ta okùn tí a kò mọ ìdí rẹ̀ ní kókó, kí á kọ́kọ́ rìn dé ìdí rẹ̀, kí á sì gba ẹni tó ń ta á gbọ́ díẹ̀.

Èémí tí ẹ mí lẹ́ẹ̀kan, àwọn ìyá náà ló rán an. Ẹ kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ibi tí ààlọ́ mi já sí nìyí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí èjìká mi ọ̀tún máa ro mí títí ilẹ̀ ọ̀la yóò fi mọ́. Ó ti ń ro mí díẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n omi ni mo pọn láàárọ̀.